Ẹ̀rù Ọkọ̀ Tí Kò Ní Gúnlẹ̀

Ẹ̀rù ohun tí ọkọ̀ ojú omi lè gbé dé kì í ṣe tuntun ní Tompkinsville, àdúgbò etí omi ní ìhà àríwá Staten Island, ọ̀kan nínú ẹkùn márùn-ún tó para pọ̀ di ìlú New York. Lọ́dún 1799 ni wọ́n dá ọgbà ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláìsàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ yòówù tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tàbí ṣànpọ̀nná bá wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ já àwọn tó ń ṣàìsàn sí kó tó wọ ìgboro. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni àwọn ará àdúgbò fi ń ráhùn, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n ń halẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì yanjú. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1858, wọ́n ya wọ ọgbà náà, wọ́n gbé àwọn aláìsàn síta, wọ́n sì ti iná bọ ilé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú, wọ́n padà wá sun èyí tó kù. Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, adájọ́ dá àwọn aṣáájú wọn láre, ó ní ara wọn ni wọ́n ń gbà là. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wá ṣe erékùṣù àtọwọ́dá méjì, Swinburne àti Hoffman, sáàárín omi, kí àìsàn ó máa dúró sọ́hùn-ún kó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn.

Lónìí, ẹni tó bá dúró níbi tí Victory Boulevard ti pàdé Bay Street, tó kọjú sí omi, yóò rí ọkọ̀ akẹ́rù tó gba abẹ́ afárá Verrazzano-Narrows wọlé, kọ́ńténà lórí kọ́ńténà. Yóò kọjá níwájú Tompkinsville, yóò sì ya wọ Kill Van Kull, ojú omi tóóró tó pín Staten Island níyà pẹ̀lú New Jersey. Nítorí irú ọkọ̀ ràgàjì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé afárá Bayonne sókè, láti ẹsẹ̀ bàtà 151 sí 215, kí wọ́n lè ráyè kọjá dé èbúté Newark àti Elizabeth. Ọdún 2017 ni ọ̀nà yẹn ṣí fún wọn. Nínú àwọn kọ́ńténà náà ni mọ́tò iná mànàmáná wà, àti fóònù, gbohùngbohùn, fáànù, ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, àti nínú ikùn gbogbo wọn, òòfà kékeré kékeré tí ẹni tó rà wọ́n kò ní fi ojú rí títí nǹkan náà yóò fi bàjẹ́. Kò sí ará Tompkinsville kan tí yóò dáná sun èbúté nítorí òòfà. Ẹ̀rù ti yí orí padà: ọkọ̀ tó lè má dé ló ń ba Washington lẹ́rù báyìí. Èrò tèmi ni pé òòfà tó ń wọlé kò léwu fún Amẹ́ríkà rárá. Ewu ibẹ̀ ni pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé, ẹnì kan ṣoṣo ló sì di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, owó ibodè àti òfin má-kó-wọlé kò lè wo àrùn yìí sàn. Kí wọ́n kó ọjà pamọ́ kí ọ̀wọ́n tó dé, kí wọ́n sì rí oníbàárà tó fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa rà, ì báà pọ̀ lọ́jà, ì báà wọ́n, ni ohun tó lè ṣe é.

Òòfà tí à ń sọ yìí yàtọ̀ sí irin dúdú tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń fa abẹ́rẹ́. Ó máa ń tàn yanran nítorí níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi bò ó lára. Bí wọn kò bá bò ó, kíá ni yóò dípẹtà. Bí a bá jẹ́ kí méjì nínú wọn gbá ara wọn, wọ́n lè fọ́ wẹ́wẹ́. Irin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bóróònù inú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ neodymium àti praseodymium, méjì lára àwọn mẹ́táàlì 17 tí àwọn onímọ̀ ń pè ní rare earth. Wọn yóò yọ́ wọn pọ̀, wọn yóò lọ̀ wọ́n kúnná ju èlùbọ́ lọ, wọn yóò tẹ ìyẹ̀fun náà pọ̀ nígbà tí agbára òòfà mìíràn ń to ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ojú kan náà, wọn yóò wá fi í sínú iná tó lé ní 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó lè gan. Bí ibi tí òòfà náà yóò ti ṣiṣẹ́ bá gbóná, bíi inú mọ́tò ọkọ̀ tàbí inú bàálù ogun, wọ́n gbọ́dọ̀ fi dysprosium tàbí terbium díẹ̀ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ooru yóò gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́táàlì wọ̀nyí wà nínú ilẹ̀ káàkiri ayé. Wíwà wọ́n jáde kọ́ ni ìṣòro, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ ni, nítorí wọ́n jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé inú ásíìdì àti kẹ́míkà ni wọn yóò ti máa fọ̀ wọ́n láti àgbá dé àgbá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, kí ọ̀kan tó jáde láìsí èkejì lára rẹ̀. Ibi yíyà-sọ́tọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè ti wọ̀ ọ́.

Ó sì yẹ kó ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó bí òòfà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, John Croat ní ilé-iṣẹ́ General Motors àti Masato Sagawa ní Sumitomo ti ilẹ̀ Japan rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìjẹ́ pé ọ̀kan wo iṣẹ́ èkejì. General Motors dá Magnequench sílẹ̀ ní Anderson, ní ìpínlẹ̀ Indiana, láti máa ṣe é. Ìlú Mountain Pass ní California, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà rare earth láti ọdún 1952, ló ń bọ́ ayé nígbà náà. Ní 1995, General Motors ta Magnequench fún àwọn olówó kan tí àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà wà lára wọn. Ìjọba Amẹ́ríkà yẹ ọjà náà wò, ó sì gbà pé kí wọ́n tà á. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ̀rọ àti ìmọ̀ fi kọjá sí Ṣáínà, tí àwọn tó ń ṣe òòfà ní Indiana sì di aláìníṣẹ́. Ní 2002, Mountain Pass náà dáwọ́ dúró: omi ẹlẹ́gbin ti tú jáde láti inú páìpù rẹ̀ sí aṣálẹ̀, ọjà Ṣáínà sì pọ̀ lórí àtẹ ní owó táṣẹ́rẹ́. Kò sí ọ̀tá kankan tó gba nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Títà ni wọ́n tà á, wọ́n sì yọ̀ pé owó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn yìí bí olè jíjà ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ìgbà tí wọ́n yóò fi ṣírò ohun tó kù nílé, ó ti bọ́ sórí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí okòwò bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lábẹ́ apá 232 òfin okòwò ọdún 1962, èyí tó fún ààrẹ lágbára láti dènà ọjà òkèèrè tó bá lè ṣe ààbò orílẹ̀-èdè ní jàǹbá. Wọ́n rí i pé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo òòfà neodymium tí Amẹ́ríkà ń lò, láti òkèèrè ló ti ń wá, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ láti Ṣáínà. Ṣáínà ló ń ṣe ohun tó lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún irú òòfà bẹ́ẹ̀ ní àgbáyé. Ìwádìí náà sọ pé ọ̀rọ̀ yìí léwu. Àwọn olùṣèwádìí tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé aṣòfin àpapọ̀ sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ tipẹ́ pé bàálù ogun F-35 kan ń gba rare earth tó lé ní 400 kìlógíráàmù, ọkọ̀ abẹ́ omi Virginia kan sì ń gba tọ́ọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Pentagon, iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà, dá gbígba F-35 dúró, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òòfà kan nínú ẹ̀rọ kan tí Honeywell ṣe sí i ní àdàlú samarium àti kóbáltì tó ti Ṣáínà wá, òfin sì kọ̀ ọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ ìwé ìyọ̀ǹda, tí wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: òfin wà, wọ́n rí ẹni tó rú u, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn yẹ òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí bàálù kò lè dúró de òòfà tí kò tíì sí.

Ohun tí gbogbo ìwé wọ̀nyẹn ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Donald Trump gbé owó ibodè gọbọi lé ọjà Ṣáínà, Beijing kéde pé samarium, gadolinium, terbium, dysprosium, lutetium, scandium àti yttrium, pẹ̀lú òòfà tí wọ́n bá fi wọ́n ṣe, kò gbọdọ̀ kúrò nílùú mọ́ láìsí ìwé àṣẹ. Wọn kò sọ pé àwọn kò ní tà. Wọ́n kàn ní kí ẹni tó fẹ́ rà wá kọ orúkọ sílẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó sì dúró. Nínú oṣù Karùn-ún, ilé-iṣẹ́ Ford ní Chicago tó ń ṣe ọkọ̀ Explorer ti ìlẹ̀kùn fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí òòfà kò sí. Ní Japan, Suzuki dá ṣíṣe ọkọ̀ Swift dúró. Ní oṣù Kẹwàá, Ṣáínà tún fẹ òfin náà lójú sí i, kí Trump àti Xi Jinping tó pàdé ní Busan ní ọjọ́ 30 oṣù náà, tí wọ́n sì fi ìfẹ̀lójú náà tì sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ọdún kan. Ti oṣù Kẹrin ní tirẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ Explorer kì í ṣe ohun ìjà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ẹ̀rí náà wúwo: bí wọ́n bá lè fi ìwé kan ṣoṣo ti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ arìnrìn-àjò pa láàárín oṣù kan, a jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà náà ń ṣiṣẹ́ nípa oore-ọ̀fẹ́ ẹlòmíràn ni.

Staten Island ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí rí, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ sì ju ti Ford lọ. Lọ́dún 1939, Henry Tizard, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìlọ̀ fún Edgar Sengier pé ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ lè di àjálù bó bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Sengier ni ọ̀gá Union Minière du Haut-Katanga, ilé-iṣẹ́ Belgium tó ń wa kùsà ní Congo. Ohun tí Tizard ń sọ ni yuréníọ̀mù inú ilẹ̀ Shinkolobwe, èyí tó dára ju ti ibikíbi lọ láyé nígbà náà. Lọ́dún 1940, Sengier kó ohun tó lé ní 1,000 tọ́ọ̀nù rẹ̀ sínú àgbá irin, ó sì fi ránṣẹ́ sí New York. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Port Richmond, ní etí omi Kill Van Kull lábẹ́ afárá Bayonne, ni wọ́n kó o sí, kìlómítà díẹ̀ sí Tompkinsville. Ibẹ̀ ló wà. Sengier lọ bá iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ní 1942 pé òun ní nǹkan pàtàkì nílẹ̀. Kóbáltì ni wọ́n ń bi í léèrè. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni ọ̀gágun Kenneth Nichols wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Manhattan, tó ń wá yuréníọ̀mù fún bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń ṣe níkọ̀kọ̀. Àdéhùn náà kò gbà ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ, nítorí ọjà tí Nichols ń wá káàkiri ayé ti wà ní Staten Island láti nǹkan bí ọdún méjì. Ẹ̀yin tó ń gbé ní ìhà ibẹ̀ náà mọ̀ pé ìyà ọ̀rọ̀ yìí kò tán síbẹ̀: ní 1980, àwọn tó lọ yẹ ilẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí náà wò ṣì bá ìtànṣán yuréníọ̀mù nínú erùpẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé láti òkèèrè ni Amẹ́ríkà ti kó ohun tó fi ṣe bọ́ǹbù náà wọlé, kíkó-wọlé yẹn kò sì pa á lára. Congo ló ti wá, ọwọ́ ará Belgium ló gbà. Ó wúlò nítorí ẹnì kan ti kó o dé kí ogun tó dé Pearl Harbor, tó sì fi í pamọ́ sí ibi tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì kò lè dé. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n ìjọba, ọgbọ́n oníṣòwò kan ni, orílẹ̀-èdè kò sì gbọdọ̀ máa gbẹ́kẹ̀ lé pé oníṣòwò mìíràn yóò tún ṣe irú rẹ̀. Bákan náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n ti èbúté pa kó rántí pé Staten Island yìí kan náà ni Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu. Òfin tí aṣòfin Emanuel Celler láti Brooklyn gbé wá ní 1934 ló bí ibùdó òwò òkèèrè tí kò ní owó ibodè nínú. Àkọ́kọ́ nínú wọn ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1937 ní àwọn èbúté Stapleton, tó bá Tompkinsville pààlà, àwọn èbúté tí olórí ìlú John Hylan kọ́, tí àwọn alátakò rẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín. Lónìí, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Nítorí náà n kò sí lára àwọn tó ń pariwo pé ọjà òkèèrè ni ọ̀tá.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rù yìí ti pọ̀ jù, pé ẹni tó ń tà nílò ẹni tó ń rà, Ṣáínà kò sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, ọkọ̀ apẹja Ṣáínà kan forí sọ ọkọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ omi Japan nítòsí erékùṣù Senkaku, rare earth tó ń lọ sí Japan sì dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀. Iye rẹ̀ fò sókè lọ́jà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi já wálẹ̀. Ní 2014, àjọ òwò àgbáyé dá Ṣáínà lẹ́bi lórí òté tó fi lé e. Wọ́n á ní, ṣé ẹ rí i, ọjà tún ara rẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni pé iye já wálẹ̀, ṣùgbọ́n jíjá tó já wálẹ̀ yẹn ló pa ẹni tó fẹ́ bá Ṣáínà dù ú. Molycorp, tó ti fi owó ńlá jí Mountain Pass dìde, wọ gbèsè, ó sì kógbá sílé ní 2015. Ẹni tó yè é ni Japan, kì í sì í ṣe ọjà ló gbà á là: ìjọba rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ Sojitz yá Lynas ti Ọsirélíà ní 250 mílíọ̀nù dọ́là ní 2011, wọ́n sì ń bá a rà títí di òní. Ìgbẹ́kẹ̀lé Japan lé Ṣáínà, tó tó nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà yẹn, ti dín sí nǹkan bí 60. Ọdún mẹ́wàá àti owó àwọn tó ń san owó-orí ló gbà. Ní ti pé ẹni tó ń tà nílò oníbàárà: iye tí Ṣáínà ń rí lórí òòfà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń rí lórí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ. Ẹni tí ọjà kan kò já mọ́ nǹkan fún nínú àpò rẹ̀, tó sì jẹ́ ẹ̀mí oníbàárà rẹ̀, kò níṣòro láti fi í halẹ̀.

Àtakò mìíràn dára ju èyí lọ: pé ohun tí àwọn ológun ń lò nínú òòfà kéré púpọ̀ sí ohun tí ọkọ̀, fóònù àti ẹ̀rọ ń lò, nítorí náà kí ìjọba ra díẹ̀ tí wọ́n nílò níbi tó wù wọ́n, kí wọ́n fi ọjà tó kù sílẹ̀. Mo gbà pé ó kéré. Àmọ́ nítorí pé ó kéré ni kò fi lè gbé ilé-iṣẹ́ kan dúró. Àgbá ásíìdì tó ń ya dysprosium sọ́tọ̀ kò lè máa ṣiṣẹ́ nítorí bàálù ogun díẹ̀ lọ́dún. Ọkọ̀ àti fáànù ló ń san owó iná rẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ní oṣù Keje ọdún 2025 fi yàtọ̀ sí gbogbo ìwádìí tó ṣáájú. Iléeṣẹ́ ètò ààbò ra ìpín 400 mílíọ̀nù dọ́là nínú MP Materials, tó ni Mountain Pass báyìí, ó sì ṣèlérí pé fún ọdún mẹ́wàá, neodymium àti praseodymium ilé-iṣẹ́ náà kò ní wálẹ̀ kọjá 110 dọ́là lórí kìlógíráàmù kan, nígbà tí iye rẹ̀ lọ́jà kò tó 70. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Apple náà ní òun yóò ra òòfà 500 mílíọ̀nù dọ́là. Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ ti burú tó tẹ́lẹ̀: títí di oṣù Kẹrin ọdún yẹn, inú ọkọ̀ ojú omi ni ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ń kó kùsà California sí, tí ó ń gbé e lọ sí Ṣáínà láti lọ yà á sọ́tọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ọjà òmìnira ní ojúsàájú ni èyí, pé ìjọba ti mú ilé-iṣẹ́ kan ṣe ọmọ àyànfẹ́. Wọn kò parọ́. Bí Mountain Pass nìkan bá sì ni gbogbo ètò náà, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n fi rọ́pò ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó yẹ kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta, mẹ́rin, kí ó sì kọjá òkun.

Owó ibodè ńkọ́? Ìjọba Joe Biden ka ìwádìí ọdún 2021 sí 2022 yẹn, ó gbà pé ewu wà, ó sì kọ̀ láti gbé owó ibodè lé òòfà nípasẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ló tó kéde ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lórí òòfà Ṣáínà, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní 2026. Mo rò pé kíkọ̀ àkọ́kọ́ ló bọ́gbọ́n mu jù. Òòfà kì í sábà dá wọlé. Inú mọ́tò ló ń bá wọlé, mọ́tò wà nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ wà nínú kọ́ńténà tó ń kọjá níwájú Tompkinsville. Bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá ń gba owó lórí òòfà lásán, ẹni tó ń ṣe mọ́tò ní Ohio ni yóò san án. Ẹni tó kó odidi mọ́tò wọlé láti òkèèrè yóò rẹ́rìn-ín kọjá. Ìyẹn ni pé owó ibodè lè lé àwọn tó ń lo òòfà nílé kúrò nílé, kí àwọn tó ń ṣe òòfà nílé tó dìde. Bí wọ́n bá ti kọ́ ilé-iṣẹ́ tán, tó ń ṣe ọjà, nígbà náà ni a lè jókòó sọ̀rọ̀ owó ibodè.

Àwọn mìíràn yóò sì béèrè pé ẹnu wo ni Amẹ́ríkà fi ń sọ̀rọ̀, òun tó fi òfin dènà kí chip kọ̀ǹpútà tó lágbára jù dé Ṣáínà láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Beijing kọ́ iṣẹ́ ìwé àṣẹ yìí lára Washington, ó sì kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n àgàbàgebè kì í sọ ewu di irọ́. Ohun tó ń fi hàn wá ni pé orílẹ̀-èdè tó bá ní ohun tí ẹlòmíràn kò lè ṣe aláìní, yóò lò ó lọ́jọ́ ìjà, ì báà jẹ́ Ṣáínà, ì báà jẹ́ Amẹ́ríkà. Àwa tí a kò ní chip, tí a kò sì ní òòfà, ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù.

Nàìjíríà ti wà nínú irú ọjà yìí rí láìmọ ohun tí wọ́n ń fi ọjà rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilẹ̀ Jos ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú columbite tí ayé ń lò, èyí tí wọ́n ń yọ niobium nínú rẹ̀ fún irin inú ẹ́ńjìnnì bàálù jẹ́ẹ̀tì. Láàárín 1952 sí 1955, ìjọba Amẹ́ríkà ń san owó ìlọ́po méjì fún un kí àká ohun ìjà rẹ̀ lè kún. Àká kún, owó náà dáwọ́ dúró, ọjà dà wó lulẹ̀ ní Jos. Kò sí ilé-iṣẹ́ niobium kan tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú òkìtì iyanrìn tí wọ́n da nù lẹ́yìn tíìnì àti columbite náà ni monazite wà, tí neodymium wà nínú rẹ̀. Thorium tó ń tan ìtànṣán wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn kan sì ti bu iyanrìn yẹn kọ́lé tí wọ́n ń sùn sí. Dele Alake, ọmọ Èkìtì tó jẹ́ mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì, ti ń sọ látìgbà tó ti dé ipò pé a kò ní máa kó kùsà lọ ní tútù mọ́, ní 2025 sì ni ìjọba kéde ilé-iṣẹ́ rare earth kan tí iye rẹ̀ jẹ́ 400 mílíọ̀nù dọ́là ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ìpinnu náà dára. Àmọ́ fífọ kùsà kí ó mọ́ àti yíyà á sọ́tọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, àwọn olóṣèlú wa sì mọ bí wọ́n ti ń pe èkínní ní èkejì níwájú kámẹ́rà.

Amẹ́ríkà, Japan àti Yúróòpù ń wá ojú ọ̀nà kejì lójú méjèèjì báyìí, ìgbà tó yẹ kí Nàìjíríà dúnàádúrà sì nìyí. Ẹ̀yin òǹkàwé ní Staten Island, nílé àti ní ibòmíràn, ẹ bi àwọn aṣòfin yín ṣáájú kí ilé-iṣẹ́ Nasarawa tó gba àlejò kankan: ṣé ibẹ̀ ni wọn yóò ti ya neodymium sọ́tọ̀ àbí kùsà tí wọ́n fọ̀ ni wọn yóò di sínú kọ́ńténà? Ta ló ti fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò rà á, fún ọdún mélòó, ní iye wo bí ọjà bá já wálẹ̀ bíi ti Jos lọ́dún 1955? Níbo ni wọn yóò sì da thorium rẹ̀ sí? Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ okòwò àṣírí ni, ẹ má gbà fún wọn.